Òkú tí Àbọ̀dé Kò Rí Gbé Wá

Nígbà tí wọ́n ń wá tíṣà Akínwálé kiri inú igbó Ìlọra, Àbọ̀dé àbúrò rẹ̀ ló ké jù. Ó káwọ́ lérí, ó ń yí nílẹ̀, ikun imú rẹ̀ pò mọ́ iyanrìn lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọdẹ ní kó dákẹ́, kò gbọ́.

"Wọ́n ti pa á o! Ẹ̀gbọ́n mi ti kú o!"

Mobọ́lá, ìyàwó tíṣà, yíjú wò ó. Kò tíì sí ẹni tó dárúkọ ikú. Gbogbo ìlú ṣì ń sọ pé bóyá ara rẹ̀ ni kò yá, tó wọ ahéré kan lọ dùbúlẹ̀. Àbọ̀dé nìkan ló ti fi ẹnu sin ín.

Ó mọ ohun tó ń wí. Ojú rẹ̀ ló ṣe.

Ọsàn ni Àbọ̀dé ń rà ní Fìdítì, tó ń bá ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kó o lọ sí Ìbàdàn. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ra lọ́rì tiwọn, òun ṣì ń fi ẹsẹ̀ sáré tọ awakọ̀ kiri. Ó fẹ́ lọ́rì bí onígbẹ́-ọ̀rìn ṣe ń fẹ́ omi. Ó sì mọ nǹkan kan: kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó gbéyàwó ló ti gba ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí. Ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn ń gba nǹkan díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣooṣù. Bó bá kú, wọ́n á san owó ńlá fún ẹni tó dárúkọ. Àbọ̀dé ló dárúkọ. Tíṣà gbéyàwó, ó bímọ, kò rántí yí i padà.

Inú ẹbu epo àtijọ́ kan lọ́nà Akinmọ́rìn ni Àkànbí, oníṣègùn tí wọ́n ń pè ní Baba Ẹbu, ń gbé. Àwọn tó ń fún epo níbẹ̀ ti kó kúrò tipẹ́. Ọ̀sán gangan ni Àbọ̀dé kọ́kọ́ débẹ̀ kí tíṣà tó sọnù, síbẹ̀ òkùnkùn inú ẹbu náà ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lára. Òórùn ọ̀rá tó ti bà jẹ́ gba imú rẹ̀ wọ ọ̀fun, ó jókòó sórí ahọ́n rẹ̀ bí ohun tó ń jẹ. Eṣinṣin bo ògiri. Baba Ẹbu ń fi èékánná yọ nǹkan láàrin eyín. Ó wò ó, ó tún dá a padà sẹ́nu.

"Owó lo bá wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ta lo fẹ́ fi ṣe é?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìyá kan náà?"

"Ìyá kan náà."

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ló máa ń jẹ́ kíákíá. Tèmi ni ara, tìrẹ ni owó. Màá sì ṣe ọṣẹ fún ọ. Láràárọ̀ ni kí o máa fi wẹ̀." Ó gbé ọwọ́ tó ń yọ̀ lé e lórí. "Ẹnu iná kì í kọ igi. Ẹnu ilẹ̀ kì í kọ òkú. Ẹni tí mo bá rán níṣẹ́ owó, kí ẹnu ayé má kọ̀ fún un!"

Nǹkan kan ṣàn láti ọwọ́ náà gba ẹ̀yìn etí Àbọ̀dé wọ ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Kò nù ún.

Ní ọjọ́ Sátidé, ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun ti rí epo tó dára tí kò sì wọ́n. "Bùrọ̀dá, ẹ kàn bá mi ká lọ. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, a ó padà."

Tíṣà fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti igi, ó bẹ̀rẹ̀ kó lè gba ẹnu ọ̀nà ẹbu wọlé. Ọmọ odó ni Baba Ẹbu fi pàdé agbárí rẹ̀. Ó dún bí ìgbà tí elégédé bá já láti orí àká. Tíṣà ṣubú, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú, ó nawọ́, ó di ẹsẹ̀ ṣòkòtò àbúrò rẹ̀ mú.

"Àbọ̀dé," ló wí, "sá lọ!"

Ó rò pé àwọn méjèèjì ni wọ́n fẹ́ pa. Àbọ̀dé bẹ̀rẹ̀, ó ń tú àwọn ìka náà kúrò ní ìkọ̀ọ̀kan, ó sì yẹ̀ fún ọmọ odó.

Nígbà tó padà lọ gba ọṣẹ, ó rí i pé ó dúdú, ó rọ̀, ó sì ń fà bí itọ́ ìgbín. Láràárọ̀ ló ń fi í ra ara láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kò pẹ́ tí ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó.

Ọ̀gbẹ́ni Olúṣínà, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì náà, wá láti Ìbàdàn fúnra rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Àlàkẹ́, ìyá tó bí àwọn ọkùnrin méjèèjì, ni wọ́n jókòó sí. Mobọ́lá wà níbẹ̀.

"Ẹ má bínú, a kò lè san," ni Olúṣínà wí. "A ò rí òkú, a ò rí ọ̀rọ̀ dókítà, kò sì sí ẹni tó rí i nígbà tó ń kú. Lójú òfin, ẹni tó sọnù ṣì lè padà wálé. Ọdún méje gbọ́dọ̀ kọjá kí kóòtù tó lè pè é ní òkú."

Àbọ̀dé fò dìde. "Ọdún méje!" Ó ń họ ọrùn rẹ̀, awọ ń bá èékánná rẹ̀ jáde, omi pupa ń sun lábẹ́ rẹ̀. Òórùn kan fẹ́ káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìyá Àlàkẹ́ fi ìborùn bo imú. "Bí mo bá gbé òkú náà wá ńkọ́?"

Mobọ́lá gbójú sókè wò ó.

"Níbo lẹ ti máa gbé e?" Olúṣínà rọra béèrè.

"Mo ní... bí a bá wá a rí." Ó ti jáde kó tó parí ọ̀rọ̀ náà.

Mobọ́lá kò pariwo. Ó fa àpótí ìjókòó rẹ̀ súnmọ́ àlejò náà. "Ọ̀gá, ẹ dákun. Kí lẹ fẹ́ rí gan-an kí ẹ tó gbà?"

"Òkú, tàbí ohunkóhun tó bá kù nínú rẹ̀. Kí dókítà sọ pé òun ni, kí ọlọ́pàá sọ ohun tó pa á. Ìyáàfin, bí ilé iṣẹ́ bá ní rárá, ẹ má bú wọn, ẹ má sì lọ jókòó sílé. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Ìdí tí wọ́n bá kọ ni kí ẹ wá ẹ̀rí fi dáhùn." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń kọ mí lóminú. Ẹ ṣì ń wá ọkọ yín nínú igbó nígbà tí àbúrò rẹ̀ ti dé ọ́fíìsì wa."

Mobọ́lá dìde, ó so gèlè rẹ̀ le. "Ẹ fi mọ́tò yín gbé mi dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá."

Látọjọ́ náà ni àwọn ọlọ́pàá tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ ti ń tọ Àbọ̀dé lẹ́yìn. Kò mọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ẹbu ló mórí lé.

"Wọn ò san!" ló kígbe. "Ẹ fún mi ní òkú ẹ̀gbọ́n mi!"

Baba Ẹbu ń ro ìkòkò omi eérú ńlá kan tó ń hó lórí iná. Ó wo ọrùn Àbọ̀dé, ó wo apá rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín títí itọ́ fi ń dà sí i láyà.

"Òkú wo? Ṣebí ìwọ lo ti ń fi wẹ̀."

Kò yé Àbọ̀dé.

"Ọ̀rá ikùn rẹ̀ ló dára jù. Tíṣà ń jẹun dáadáa. Mo yọ́ ọ, mo fi omi eérú pò ó. Kí lo rò pé wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ owó, àdí?"

Àbọ̀dé bì. Ó bì títí kò fi sí ohun tó ń jáde mọ́ àfi omi òróòro. Ó ń fi èékánná ọwọ́ méjèèjì ha ara rẹ̀ láyà, bí ẹni tó fẹ́ bọ́ awọ náà sọnù bí ẹ̀wù. Baba Ẹbu ṣí ọpọ́n tó dé garawa kan nígun ilé. Ìdin ń rọ́ gììrì nínú rẹ̀. Láàrin wọn ni irun wà, ọ̀pá itan, àti párì-ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí eyín ṣì wà nínú rẹ̀.

"Gbé èyí lọ fún wọn. Bí kò bá tó, mú ìyàwó rẹ̀ wá, ká fi kún un."

Àbọ̀dé fò mọ́ ọn. Arúgbó náà kàn yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Ọ̀rá ni ilẹ̀ ẹbu náà láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹsẹ̀ Àbọ̀dé yọ̀, ó sì fi orí àti ọwọ́ méjèèjì wọ inú ìkòkò tó ń hó.

Igbe tó ké kò jọ ti èèyàn. Àwọn ọlọ́pàá já ilẹ̀kùn wọlé, wọ́n fa ẹsẹ̀ rẹ̀, awọ ọwọ́ rẹ̀ kù sínú omi bí ìbọ̀wọ́. Ọ̀kan nínú wọn sáré jáde lọ bì sínú fìlà rẹ̀. Baba Ẹbu kò sá. Ó ń nu ọwọ́ sára ògiri.

"Ẹ ti ba ọṣẹ mi jẹ́," ló wí.

Wọ́n so ó kọ́ lẹ́yìn ẹjọ́. Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tún kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì: wọ́n ní orúkọ Àbọ̀dé ló wà nínú ìwé, apànìyàn kò sì lè jẹ lára ẹni tó pa. Mobọ́lá ní òótọ́ ni, kí wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ó gbé e lọ fún lọ́yà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dókítà tó mọ eyín tíṣà àti ìdájọ́ kóòtù. Lọ́yà ní bí ẹni tí wọ́n dárúkọ kò bá lè gbà á, ogún olóògbé ni, ti ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ó pẹ́, ó sì le, ṣùgbọ́n wọ́n san.

Kí gbogbo ìyẹn tó parí ni Àbọ̀dé ti kú. Ó jẹrà láàyè lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Àwọn nọ́ọ̀sì ń so aṣọ mọ́ imú kí wọ́n tó súnmọ́ ọn, omi eérú sì ti fọ́ ọ lójú, kò rí wọn, àfi kó máa gbọ́ bí èébì ṣe ń gbé wọn.

Ọsibítù rán ọkùnrin kan wá sí Ìlọra. Ó bá Ìyá Àlàkẹ́ lẹ́yìnkùlé, níbi tí wọ́n sin àpótí kékeré tí wọ́n kó tíṣà sí. Ó ń fọwọ́ fa koríko orí rẹ̀ tu.

"Màmá, ẹ kú àfaradà. Ọmọ yín ti gbẹ́mìí mì lánàá. Níbo ni kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá?"

Arúgbó obìnrin náà kò gbójú sókè.

"Ọmọ kan ṣoṣo ló kú fún mi," ló wí. "Mo ti sin ín."

"Màmá, kí ni kí n sọ fún wọn?"

Ó tu koríko kan, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ nù.

"Bi wọ́n bóyá ààtàn wà lẹ́yìn ọsibítù wọn."