Orúkọ Tí Mọ́ṣúdù Pè Sí Irin

Irin ẹ̀rọ ìgégi náà gbóná. Ohun tó kọ́kọ́ kọ Mọ́ṣúdù lóminú nìyẹn. Obìnrin tó gbé e wá ní ó tó oṣù mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ti lò ó kẹ́yìn, inú àpò kòkó ló sì dì í sí láti Alábàtà, nínú ọyẹ́ tó ń bẹ́ni létè. Síbẹ̀, bí Mọ́ṣúdù ti gbé ọwọ́ lé e, ńṣe ló lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná.

Ọdún tí ìjọba ológun ti ibodè pa lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ ìgégi tuntun di àwátì, gbogbo agégi ilẹ̀ Ẹ̀gbá sì ń wá àlòkù kiri. Ibi tí àlòkù ti ń jí dìde ni ṣọ́ọ̀bù Mọ́ṣúdù l'Òwu, lójúde ilé rẹ̀ gan-an. Ẹ̀rọ tí ìpẹtà ti mú, tí kòkòrò ti kọ́lé sínú kábúrétọ̀ rẹ̀, yóò tú u palẹ̀ sórí tábìlì, yóò fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, yóò wá mú fáìlì, yóò pọ́n eyín ṣéènì náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi mú bí abẹ. "Òkú lẹ gbé wá, ààyè lẹ ó gbé lọ," ló máa ń fọ́nnu fún oníbàárà. Ẹ ò rí i bí ẹnu ṣe ń pa ènìyàn!

Ìyàwó rẹ̀, Sìlífátù, ló dá obìnrin náà lóhùn lọ́jọ́ tó dé. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe. Bí wọ́n bá ké sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí ọkọ tó gbórí sókè, Sìlífátù á ti ké láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Ó ń bọ̀ o!" Mọ́ṣúdù a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò bá òun dá ọlọ́pàá lóhùn.

"Ẹ bá mi tún un ṣe, kí ẹ sì bá mi wá ẹni tí yóò rà á," ni obìnrin náà wí. Lydia lorúkọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò sókè, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára àpò náà.

"Ta ló ni ín?"

"Ti Bándélé ni. Ọkọ mi. Kò lò ó mọ́."

Mọ́ṣúdù kò bèèrè ìdí. Ó yẹ kó bèèrè, àmọ́ iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lójú.

Ìdí tó fi bèèrè orúkọ nìyí. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, ó sì kọ́ ọ pé irin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí kò mọ olówó rẹ̀. Bó bá ti kọ́kọ́ dáhùn, kí o pe orúkọ ẹni tó ni ín sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó lè mọ ẹni tí yóò máa sìn, kó má baà bu ẹni ẹlẹ́ni jẹ. Mọ́ṣúdù ń kírun márààrún, kò sì bọ nǹkan kan, àmọ́ kò fi àṣà yìí sílẹ̀ rí. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni bàbá rẹ̀ fi lé e: orúkọ alààyè ni wọ́n ń pè sí irin.

Ọjọ́ Ajé ló parí iṣẹ́ náà. Ó fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀rọ dáhùn. Mọ́ṣúdù tẹ orí sí i, ó ní: "Bándélé! Bándélé! Bándélé!" Ní ìpè kẹta, ẹ̀rọ náà rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń fetí sí ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó kú fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa á. Mọ́ṣúdù ti ṣọ́ọ̀bù pa ṣáájú àsìkò lọ́jọ́ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́búlẹ́bú igi wà lábẹ́ ẹ̀rọ náà, ó pọ̀ tó ẹ̀kúnwọ́ méjì. Ó fọwọ́ kàn án, ó tutù, igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí igi kankan nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó gbọ̀n ọ́n dànù, ó sì da gbogbo epo inú ẹ̀rọ náà jáde. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ẹ̀kúnwọ́ mẹ́rin ló bá. Ó yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, torí ẹ̀rọ tí kò ní púlọ́ọ̀gì, irin lásán ni, kò lè jí. Ó fi í sápò bùbá rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, oje igi ń kán tó-tó-tó lẹ́nu ṣéènì náà, òórùn igi arère sì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, òórùn burúkú tí imú agégi kì í ṣì. "Àúsùbílláì," ni Mọ́ṣúdù wí, ó sì fẹ̀yìn rìn jáde.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Jùbrílù wá. Àbúrò rẹ̀ ni, òun nìkan ni ìyá wọn bí tẹ̀lé Mọ́ṣúdù. Nígbà tí ìyá náà ń kú lọ, ó fa Jùbrílù lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Má jẹ̀ẹ́ kí ohunkóhun ṣe é." Agégi ni Jùbrílù, ẹ̀rọ tirẹ̀ ti bàjẹ́ pátápátá, wọ́n sì ti fún un níṣẹ́ nínú igbó kan ní Alábàtà. Bí kò bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ẹlòmíràn ni yóò gba iṣẹ́ náà. Oyún oṣù kẹjọ sì wà nínú ìyàwó rẹ̀.

"Bùọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ẹ̀rọ yìí."

"Má fọwọ́ kàn án."

"Kí ló ṣe é?"

Kí ni yóò wí? Pé irin ń jáde lọ gégi nígbà tí òun bá sùn? Ojú tì í. "Kò tíì ṣeé lò," ló wí. Jùbrílù wò ó, ó wo ẹ̀rọ náà tó ń dán gbinrin lórí tábìlì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì lọ.

Nígbà tí Mọ́ṣúdù ti ìrun Jímọ́ọ̀ dé, Lydia ló bá lórí bẹ́ǹṣì. Orí tábìlì ṣófo.

"Wọ́n ti rà á ni, ẹ̀gbọ́n?"

"Ìyá Bùsírátù!" Mọ́ṣúdù ké sí ìyàwó rẹ̀. "Ẹ̀rọ yẹn dà?"

"Jùbrílù ti gbé e láàárọ̀," ni Sìlífátù dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé. "Ó ní ẹ mọ̀ sí i."

Mọ́ṣúdù yíjú sí Lydia. Ó sọ ti lẹ́búlẹ́bú igi náà fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó sọ ti òórùn arère. Bó ti dárúkọ arère ni obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Ẹ dárí jì mí. Ọkọ mi ti kú. Arère ló ń gé, kò tíì gé e dé ìdajì tí ẹ̀ka kan fi já lù ú lọ́rùn. Igi náà ṣì wà ní ìdúró nínú igbó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ gbé irin rẹ̀ lọ sí oríta, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lẹ́gbẹ́, bí wọ́n ti ń ṣe fún ọdẹ tó bá kú. Èmi ni mo kọ̀, mo ní ìjọ wa ò fẹ́ ẹ. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá sọ fún yín pé irin òkú ni, ẹ ò ní gbà á."

Mọ́ṣúdù rántí ìkìlọ̀ bàbá rẹ̀. Òkú! Orúkọ òkú ni òun fi ẹnu ara òun pè sí iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta gbáko. "Igbó wo ni?" ló bèèrè. Lydia dárúkọ rẹ̀. Igbó tí wọ́n fún Jùbrílù ni.

Ó yá alùpùpù aládùúgbò, ó gbé Lydia sẹ́yìn. Ẹ̀rù ń bà á débi pé kò lè rántí àdúrà kan parí. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ nìkan ló ń dún létí rẹ̀ títí wọ́n fi dé ẹnu igbó. Ibẹ̀ ni Lydia dúró sí. Kò lè wọ ibi tí ọkọ rẹ̀ kú sí.

Mọ́ṣúdù ń gbọ́ ẹ̀rọ náà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń ké geere. Àyà rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ó ṣe tán, ẹni tó bá ń gégi kò tíì kú. Ìgbà tó yọ sí gbangba ló rí Jùbrílù. Orí ilẹ̀ ló jókòó sí, abọ́ gààrí wà lórí itan rẹ̀, ó ń mu ún. Ẹ̀rọ ṣì ń ké lẹ́yìn igi arère ńlá kan tó wà lọ́ọ̀ọ́kán rẹ̀.

"Jùbrílù," Mọ́ṣúdù wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ta ló ń gégi yẹn?"

"Ẹni tí ẹ rán wá ni. Ẹ̀rọ yẹn kọ̀, kò dá mi lóhùn, òun ló dé tó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní ẹ̀yin lẹ pe òun síṣẹ́." Jùbrílù rẹ ohùn sílẹ̀. "Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí n jókòó síbí, kí n dúró de òun. Bùọ̀dá mi, kí ló ṣe é lọ́rùn?"

Mọ́ṣúdù wo ibi tí wọ́n gé lára igi náà. Ìhà ibi tí àbúrò rẹ̀ jókòó sí ló kọjú sí, ibẹ̀ gan-an ni igi náà yóò sì wó sí. Ó tún rí èjìká ọkùnrin kan lẹ́yìn igi, lẹ́búlẹ́bú ti sọ ọ́ di funfun. Orí ọkùnrin náà tẹ̀ sórí èjìká, kò sì gbé e sókè.

"Bándélé!" Ó ké é pẹ̀lú ẹ̀mí tó kù nínú rẹ̀. "Kì í ṣe òun ló pè ọ́! Èmi ni. Èmi Mọ́ṣúdù ni mo pè ọ́. Fi àbúrò mi sílẹ̀!"

Ẹ̀rọ náà rẹ ohùn sílẹ̀, bó ti ṣe lọ́jọ́ Ajé. Ó ń fetí sílẹ̀. Mọ́ṣúdù fa Jùbrílù lápá, wọ́n sáré, wọ́n ṣubú, wọ́n dìde. Ariwo kan sọ lẹ́yìn wọn, ilẹ̀ mì. Nígbà tí wọ́n bojú wẹ̀yìn, arère ti dùbúlẹ̀ gbalaja lórí ibi tí Jùbrílù jókòó sí, wọn ò tilẹ̀ rí èérún abọ́ gààrí.

Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn igi. Ẹ̀rọ náà wà lórí kùkùté, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, ihò púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ṣófo. Mọ́ṣúdù ki ọwọ́ bọ àpò bùbá rẹ̀, púlọ́ọ̀gì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni àwọn agégi péjọ. Wọ́n gbé irin Bándélé lọ sí oríta igbó, wọ́n ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n sì wálé láìwẹ̀yìn. Lydia fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé wọn dé ẹnu igbó. Gbogbo ènìyàn ní ọ̀rọ̀ ti tán. Ìyàwó Jùbrílù bí ọmọkùnrin, wọ́n sì ní kí Mọ́ṣúdù fún un lórúkọ. Inú rẹ̀ dùn, ó sunkún ayọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ náà, Mọ́ṣúdù wọ ṣọ́ọ̀bù láti mú fìlà rẹ̀. Ó fọwọ́ ti tábìlì. Tábìlì gbóná. Kò sí ẹ̀rọ kankan lórí rẹ̀, àmọ́ lẹ́búlẹ́bú igi tútù wà níbẹ̀.

"Mọ́ṣúdù."

Ẹnu ọ̀nà ni ohùn náà ti wá. Kò le, ohùn ẹni tó tẹ orí sí nǹkan ni. Mọ́ṣúdù fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé a kì í dáhùn ìpè tí a kò rí ẹni tó pè é?

"Mọ́ṣúdù."

Ó tẹ ọwọ́ mọ́ ẹnu títí eyín rẹ̀ fi gé ètè rẹ̀. Kò dáhùn. Bí wọ́n bá pe ẹ̀ẹ̀kẹta tí kò dáhùn, ó bọ́.

"Mọ́ṣúdù."

Ó dákẹ́. Gbogbo ilé dákẹ́.

"Ó ń bọ̀ o!" Sìlífátù ké láti ẹ̀yìnkùlé, níbi tó ti ń fọ aṣọ. "Ẹ dúró dè é, ó wà nílé. Ó ń bọ̀!"