Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Rẹfirí Fi Káàdì Pupa Dá Lóhùn

Nígbà tí Ìyádùnní kọ́kọ́ fojú kan Démiládé, ẹsẹ̀ ọmọkùnrin náà méjèèjì wà nínú garawa yìnyín, jákẹ́ẹ̀tì òtútù wà lọ́rùn rẹ̀, fìlà sì bò ó dé ìpéǹpéjú. Oṣù September sì ni o! Gbogbo ọmọ Toronto yòókù ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé kiri.

Ó ń ráhùn lábẹ́ ẹnu: "Màámi ò, wọ́n fẹ́ fi mí ṣe ẹja inú fìríìsà."

Ìyádùnní bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò máa tọ́jú ẹsẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn. "Ẹja wo? Panla àbí òbókún?"

Ọmọkùnrin náà gbójú sókè, ẹnu rẹ̀ ò lè padé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ Yorùbá?"

"Ta lẹ̀gbọ́n ẹ? Má yọ ẹsẹ̀ yẹn jáde o!"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo Sátidé tí wọ́n bá ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, Ìyádùnní ló ń fi báńdéèjì de ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọkùnrin náà á ní, "Ọrùn ẹsẹ̀ ni mo ní kó o dè, ayọ̀ mi, o ti wá de ọkàn mi mọ́ ọn." Òun náà á fi báńdéèjì gbá a lórúnkún: "Ọ̀rọ̀ dídùn kì í gbá góòlù wọlé. Dìde, ìyẹn ò kàn mí."

Irọ́ ló ń pa. Ó kàn án. Kí ewé igi tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ní àdúgbò, ó ti kàn án kọjá ohun tó lè fi pamọ́ fún bàbá rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Akíndúró ni bàbá náà, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ní wiaháòsì ìkẹ́rùsí kan ní ìlú Bolton. Bó ṣe gbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Nàìjíríà dé ni, pé bọ́ọ̀lù ló sì ń gbá, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Olè ni, páálí ló ń wá! Ọmọ ìlú yìí ni ẹ́, ó sì mọ̀. Ọjọ́ tí ìwé ìgbélùú bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, á jù ẹ́ nù bí ìwé tí wọ́n fi wé àkàrà."

"Dad, you haven't even met him!"

"Kí ni mo fẹ́ rí lára ẹ̀?"

Ẹ gbọ́ irú ìdájọ́ yìí! Ṣé òun náà ò bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú lọ́jọ́ kan pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo ni? Èwo ni ti ẹni tó ti gòkè tán, tó wá ń yọ àkàbà kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn?

Nígbà tí Démiládé gbọ́, ó tú báńdéèjì ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Ó wá ní, "Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, Ìyádùnní. Ṣùgbọ́n mi ò ní máa yọ́ wọnú ayé ẹ bí olè. Tí bàbá ẹ ò bá lè wò mí bí ọmọ èèyàn, ká jáwọ́ ńbẹ̀."

Omijé bọ́ lójú Ìyádùnní, omijé ìbínú ni. Ó wọlé lọ bá bàbá rẹ̀, Yorùbá ló fi sọ ọ́, ohun tí kì í sábàá ṣe: "Dádì, ẹ wá wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Tẹ́ ẹ bá wò ó tán, tẹ́ ẹ ṣì pè é lólè, màá fi í sílẹ̀."

Bí bàbá ṣe dé etí pápá nìyẹn lọ́jọ́ semi-final, nínú òjò, ojú rẹ̀ le bí òkúta.

Góòlù kan ni ikọ̀ Démiládé fi ń ṣíwájú, àkókò sì ti ń lọ sópin. Rẹfirí ti fún Démiládé ní káàdì yẹ́lò kan tẹ́lẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù ikọ̀ kejì fa aṣọ rẹ̀ ya, ó béèrè ìdí, rẹfirí ní ó ń pariwo. Ẹni tí wọ́n fa aṣọ ẹ̀ ya ló gba káàdì!

Bọ́ọ̀lù yí jáde, ó dúró síwájú bàtà Ọ̀gbẹ́ni Akíndúró. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Démiládé sáré wá gbà á kó lè jù ú wọlé. Ó gbójú sókè, iwájú orí Ìyádùnní ló rí lórí àgbàlagbà, Ìyádùnní fúnra rẹ̀ sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó la ojú sílẹ̀ rekete.

Àgbà mú nǹkan dání, ó nà án sí ọ. Ṣé wàá dúró ṣánṣán gbà á ni? Kí ọpọlọ Démiládé tó ronú, ara rẹ̀ ti rékọjá ìlà, àyà rẹ̀ ti kan ẹrẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà."

Fèrè dún fíìì! Yẹ́lò kejì. Pupa tẹ̀ lé e. Rẹfirí ní ó dọ̀bálẹ̀ dípò kó ju bọ́ọ̀lù, ó sì ń fi àkókò ṣòfò.

"What did you say?" Ta ló pariwo? Ọ̀gbẹ́ni Akíndúró! Ó bẹ̀rẹ̀ lédè òyìnbó, ìbínú gbé e, Yorùbá ló jáde. "Ọmọ tó ń kí àgbà lẹ lé jáde? Ẹ̀yin ò ní bàbá nílé ni? Ìkíni ti di ẹ̀ṣẹ̀?" Ó na ìka sí rẹfirí nímú. Wọ́n lé òun náà jáde.

Ni àwọn ẹni ìlélọ méjèèjì bá ń wo ara wọn níbi ìgbọ́kọ̀sí, òjò ń pa wọ́n.

"Wọ inú ọkọ̀."

"Ẹrẹ̀ wà lára mi, sà."

"Mo ní kó o wọlé!" Bàbá tan ẹ̀rọ amóoru. "Ṣé o rántí pé o ti gba yẹ́lò kan?"

"Mo rántí, sà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni bọ́ọ̀lù wà."

Bàbá yíjú sí i. "Ọmọ tí mo bí fúnra mi, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, 'Hi Dad' ló ń sọ, kò ní gbójú kúrò lórí fóònù." Ó mí kanlẹ̀. "Mo pè ẹ́ lórúkọ tí kì í ṣe tìẹ. Má bínú."

"Mo bínú, sà," ni Démiládé wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ó dùn mí gan-an."

"Ó yẹ kó dùn ẹ́. Lọ́jọ́ Sunday, wá jẹun nílé mi."

Ikọ̀ wọn wọ àṣekágbá, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí Démiládé gbá a, wọ́n sì pàdánù. Kóòṣì sọ fún gbogbo èèyàn pé òmùgọ̀ ló ba sáà bọ́ọ̀lù òun jẹ́. Títí dòní, inú ń bí èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dé pálọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Akíndúró lọ́jọ́ Sunday yẹn. Démiládé wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí rọ́ọ̀gì. Bàbá jókòó, ó ń wò ó.

"Dádì, ẹ ní kó dìde o!"

"Fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, rẹfirí ò jẹ́ kó ṣe é parí."

Démiládé rẹ́rìn-ín láti ilẹ̀. "Ti ìkíni ti parí, sà. Ti ìtọrọ ọmọ yín ni mo wà lórí ẹ̀ báyìí."

Ìyádùnní ju fóònù sórí àga, ó rọra wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Bàbá wo àwọn méjèèjì. Ó nu ojú.

"Ẹ máa ṣe é lọ," ló wí. "Kò sẹ́ni tó máa fọn fèrè níbí."