Kòkòrò Tí Oògùn Kò Pa Mọ́

Ìyàwó ilé wo ni kò tíì ṣí àpò ẹ̀wà rí, kó sì bá ihò wẹ́wẹ́ àti ìyẹ̀fun níbi tó ti ń retí oúnjẹ? Ohun tí Àtinúkẹ́ bá nìyẹn ní Idofin, lọ́dún 1985, nígbà tí ìdúpẹ́ ìkórè ìjọ wọn kù sí dẹ̀dẹ̀. Bó ṣe ki ọwọ́ bọ àpò ni kòkòrò rọ́ gun apá rẹ̀.

Japhet, ọkọ rẹ̀, jẹ́ àgbẹ̀, ó sì tún jẹ́ alàgbà nínú ìjọ. Ó wo àpò náà, ó mí kanlẹ̀. Láti ìgbà ọ̀dá ọdún 1983 ni kò ti fẹ́ kí hóró kan ṣòfò mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ ra oògùn oníyẹ̀fun tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ẹ̀wà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló bù sí i, gbogbo wọn sì kú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn kan kò kú, ó sì fi kún oògùn. Lọ́dún yìí, àfi bí ẹni pé iyọ̀ ló wọ́n sí wọn lára.

Ó ní àwọn tó ń ta oògùn ti ń lú u. Ó wọlé, ó gbé agolo oògùn olómi tó fi ń fín kòkó jáde. Àtinúkẹ́ bi í bóyá èèyàn lè jẹ ohun tí a bá fi ìyẹn sí. Japhet dáhùn pé bí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ dáadáa, tí wọ́n sì sè é jinná, kò lè ṣe nǹkan kan. Ó po oògùn náà, ó wọ́n ọn sí ẹ̀wà, ó sá a, ó sì dì í padà sínú àpò.

Nígbà tí ìkórè ku ọ̀la, ó gbé àpò tó tóbi jù nínú wọn lọ síjọ, fún oúnjẹ tí gbogbo èèyàn máa jẹ lẹ́yìn ìsìn. Ọkàn Àtinúkẹ́ kò balẹ̀, àmọ́ ó gba ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ pé fífọ̀ àti sísè á mú oògùn náà kúrò.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìkórè, Leah, ìyá Japhet, kò lè lọ síjọ nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Àtinúkẹ́ fọ díẹ̀ nínú ẹ̀wà tí Japhet wọ́n oògùn sí, ó sè é jinná fún un, ó sì dúró láti fọ abọ́ kó tó tẹ̀ lé àwọn yòókù. Ó ṣì wà lẹ́yìnkùlé nígbà tó gbọ́ tí nǹkan ṣubú nínú ilé. Ó sáré wọlé. Ìyá ti bì sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò pẹ́ tí gìrì fi mú un, tí ojú rẹ̀ yí sókè.

Àtinúkẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó mọ̀ pé ìkòkò ìjọ ti wà lórí iná láti ìdájí. Orin ìdúpẹ́ tó ń gbọ́ lókèèrè dákẹ́ bó ṣe dúró níbẹ̀. Ìsìn ti parí.

Ó ké sí Sàhéèdì, aládùúgbò wọn tó ní ọkọ̀ píkáàpù. Sàhéèdì àti Badirat ìyàwó rẹ̀ gbé Ìyá sẹ́yìn ọkọ̀, Badirat sì jókòó tì í, ó di orí rẹ̀ mú. Àtinúkẹ́ gbé agolo oògùn náà lé Sàhéèdì lọ́wọ́.

"Ẹ fi èyí hàn wọ́n nílé ìwòsàn ní Iloffa," ó wí. "Ohun tí Ìyá jẹ nìyí."

Ọkọ̀ lọ. Òun náà sáré gba ọ̀nà ìjọ, láìwọ bàtà.

Àwọn obìnrin ti ń bu oúnjẹ lábẹ́ igi máńgòrò. Ó fa ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ fún un. Japhet bi í bóyá Ìyá ṣì ń mí. Àtinúkẹ́ ní ó ń mí, wọ́n sì ti gbé e lọ sí Iloffa. Lẹ́yìn náà ni Japhet wo àwọn èèyàn yíká, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí àwọn kàn sọ fún àwọn alásè pé ẹ̀wà ti kan, kí òun lè gbé e kúrò láìsí ariwo.

"Bàbá Ìyániwúrà, bí ẹ bá ní ó kan, ẹnìkan á fi omi ṣàn án, á gbé e lọ fún ọmọ rẹ̀," Àtinúkẹ́ wí. "Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, èmi á sọ ọ́."

Japhet rìn lọ síbi ìkòkò. Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ ẹni tó ń bù.

"Ẹ má jẹ ẹ́," ó wí. "Èmi ni mo fi oògùn kòkó sí ẹ̀wà yìí. Ìyá mi jẹ nínú rẹ̀, wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tó bá ti tọ́ ọ wò, àgbà tàbí ọmọdé, kó jáde wá."

Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í gba abọ́ lọ́wọ́ ọmọ wọn. Àwọn ọmọdé kan ti jẹ díẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí Iloffa. Wọ́n gbẹ́ kòtò jíjìn, wọ́n ri ẹ̀wà náà mọ́lẹ̀.

Kò sẹ́ni tó kú. Ara àwọn ọmọ náà yá kíákíá. Ìyá kò mọ ibi tó wà títí di ọjọ́ kejì, àwọn nọ́ọ̀sì sì sọ pé agolo tí wọ́n rí ló jẹ́ kí wọ́n tètè mọ ìtọ́jú tó yẹ. Ó padà sílé, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò yéé gbọ̀n mọ́. Japhet ló ń bá a di ife mú bó bá fẹ́ mumi.

Ìrora yìí ló gbé Japhet lọ bá Ọláoyè, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń la àwọn àgbẹ̀ lọ́yẹ̀ ní Iloffa. Ó fẹ́ kí wọ́n mú àwọn tó ta ayédèrú oògùn fún un. Ọláoyè ní kó kọ́kọ́ kó oògùn oníyẹ̀fun náà wá, kó sì mú kòkòrò láti inú àká rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kó kòkòrò mìíràn láti ilé obìnrin kan ní Koro tí kò lo oògùn rí. Ó fi wọ́n sínú ìgò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì bu ìwọ̀n oògùn kan náà sí ìgò méjèèjì.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn kòkòrò Koro ti kú. Àwọn ti Japhet ń rìn kiri.

"Oògùn yín kò bàjẹ́, bàbá," Ọláoyè wí. "Kòkòrò yín ló ti yàtọ̀."

Japhet bi í bóyá ṣe ni kòkòrò kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ oògùn.

"Wọn kò kọ́ ọ. Bí àwọn ọmọ ìyá kan náà kì í ṣe é rí bákan náà gẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò. Kí ẹ tó ra oògùn rárá, àwọn díẹ̀ wà nínú wọn tí a bí pẹ̀lú ara tó lè gbà á. Kò ṣe wọ́n ní àǹfààní kankan nígbà yẹn. Ìgbà tí oògùn wọ àká yín ni ibi tí wọ́n ń gbé yí padà. Àwọn tí ara wọn kò gbà á kú láìbímọ. Àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́ kù ló bímọ, ọmọ sì jọ wọ́n. Kòkòrò ẹ̀wà kì í lò ju bí oṣù kan lọ kó tó di abiyamọ. Ẹ wo iye ìran tó ti kọjá nínú àká yín."

Ó gbé ìgò àwọn tó yè lé Japhet lọ́wọ́. "Ṣebí ẹ máa ń ṣa àgbàdo tó dára sọ́tọ̀ fún irúgbìn? Oògùn yẹn ló ń ṣa irúgbìn kòkòrò fún yín. Bí ẹ ṣe ń fi kún un, àwọn tó le jù lẹ ń dá sí."

Japhet wo ìgò náà títí.

"Á jẹ́ pé ìyá mi ni oògùn tí mo fi kún un lè pa," ó wí. "Kòkòrò kọ́."

Ọláoyè bá a lọ sílé, wọ́n gbá àká náà mọ́, wọ́n sì sun gbogbo ẹ̀wà àtijọ́ tó kù níbẹ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ìyá ilé, bí oògùn kò bá pa kòkòrò mọ́, ẹ má fi kún un, ẹ má sì gbé oògùn oko wá sórí oúnjẹ láé. Omi kì í fọ̀ ọ́ kúrò, iná kì í sè é kúrò. Ẹ sá ẹ̀wà kó gbẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ kún inú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, kí ẹ dé e pinpin kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Ẹ má da tuntun pọ̀ mọ́ ti àtijọ́. Ẹ lo ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ, kí kòkòrò tó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan má bàa bọ́ lọ́wọ́ èkejì. Bí ẹ bá fẹ́ lo oògùn, kó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ̀wà, ní ìwọ̀n tí òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ bá sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì jẹ májèlé, ẹ má fún un ní epo mu. Ẹ gbé òun àti agolo oògùn náà lọ sílé ìwòsàn kíákíá.

Kòkòrò lè pàdánù ẹgbẹ̀rún nínú ọmọ rẹ̀ kí ọ̀kan tó yè, ìran rẹ̀ á sì máa lọ. Ilé kankan kò ní ẹgbẹ̀rún ìyá.