Mo-mọ̀-ọ́n àti Fáyólìn Tó Ń Sunkún

Ẹ sún mọ́bí, ẹ jọ̀ọ́. Ìwọ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọlé kó o ti ilẹ̀kùn. Ìwọ tó di íápíìsì sétí, yọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ etí gan-an la fẹ́ sọ. Ẹni tí ò bá gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀, kó má wá bi mí ní ìparí o!

Ṣé gbogbo wa ti jókòó? Ó dáa.

Ọmọbìnrin kan dìde níwájú kíláàsì orin, ó tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe, ó wúkọ́ bí ẹni tó fẹ́ ka ìròyìn. Mo-mọ̀-ọ́n làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí kò sí ohun tí wọ́n máa dárúkọ tí kò ní sọ pé, "Ha, ìyẹn? Mo mọ̀ ọ́n." Bó o bá ní ìràwọ̀ já lánàá, á ní ẹ̀yìnkùlé àwọn ló já sí.

Tíṣà Dùùrù, olùkọ́ orin wọn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń fìka lu tábìlì bó bá ń ronú, ti fún kálukú ní fúláàṣì kan tó kó orin sí gbé lọ sílé. Orin kílásíkà ló ní kí wọ́n lọ gbọ́, orin àtijọ́ tí wọ́n ń fi fáyólìn, fèrè àti dùùrù ṣe, tí ẹnikẹ́ni ò ní fẹnu kọ ọ̀rọ̀ kan sí i. "Ẹ má ṣe nǹkan mìíì," ló wí. "Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́ fún mi."

Ohun tó wà ńbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n olórin ń bọ̀ wá ṣeré ní gbọ̀ngán ìlú, ìjókòó kan ṣoṣo nilé ìwé sì rí fún kíláàsì wọn. Ẹni tó bá mọ orin í gbọ́ jù ló ni ín. Mo-mọ̀-ọ́n ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ni wọ́n mú. Bẹ́ẹ̀, wọn ò tíì mú ẹnì kankan! Ìyá, tó jẹ́ aránṣọ, gbà á gbọ́. Ó fa aṣọ búlúù tó ti ń tọ́jú tipẹ́ yọ nínú àpótí, ó fi sísọ́ọ̀sì gé e, ó ní ọmọ òun ò ní fi yúnifọ́ọ̀mù wọ gbọ̀ngán.

Fúláàṣì ńkọ́? Ó ń sùn nísàlẹ̀ báàgì, láàárín èérún bísíkíìtì. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa sọ̀rọ̀ gan-an ni Mo-mọ̀-ọ́n tó ka ohun táwọn ẹlòmíì nínú kíláàsì kọ sórí fóònù nípa orin tiwọn, ó sì há a sórí.

"Sà," ló bẹ̀rẹ̀, "nígbà tí orin náà bẹ̀rẹ̀, ó dà bí ìgbà tílẹ̀ ń mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni fáyólìn kan bú sẹ́kún. Ó sunkún, sà, ó sunkún, títí omi fi bọ́ lójú èmi náà."

Ariwo àtẹ́wọ́ sọ. Tíṣà Dùùrù fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. "Ọmọ yìí ní etí! Gbé fúláàṣì ẹ wá. Ẹ jẹ́ ká jọ gbọ́ ibi tí fáyólìn ti sunkún."

Ó gbé e fún un tẹ̀ríntẹ̀rín. Tíṣà kì í bọ sípíkà.

Ẹnì kan wúkọ́ látinú sípíkà. Lẹ́yìn náà, ohùn ọkùnrin kan tí gbogbo kíláàsì mọ̀ dáadáa jáde: "Aya mi àtàtà... Rárá, ìyẹn ti pọ̀ jù. Olólùfẹ́ mi, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀. Mi ò ní gbàgbé ọjọ́ ìbí ẹ mọ́ láyé. Jọ̀ọ́, ṣílẹ̀kùn. Òtútù ń mú mi."

Yéè! Tíṣà Dùùrù bẹ́ lé sípíkà bí ẹni tó réjò. Fúláàṣì tó fi ń gbára dì láti bẹ ìyàwó rẹ̀ ló ṣèèṣì kó mọ́ èyí tó pín! Kíláàsì dàrú. Kúkúrú, ọmọkùnrin tó ga jù nínú wọn, ṣubú látorí àga, ó sì kọ̀ láti dìde.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Orí kan yí, òmíràn yí, títí gbogbo ojú fi wà lára ọmọbìnrin tó dúró níwájú.

Tíṣà nu òógùn ojú rẹ̀. "Ojú ti èmi náà," ló wí wẹ́rẹ́. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń sunkún níbẹ̀ yẹn. Fáyólìn wo ni tìẹ?"

Mo-mọ̀-ọ́n wo ilẹ̀ bóyá ó máa lanu, ilẹ̀ wò ó padà. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ọmọ yìí ò kú, ẹ̀sín náà ò sì kúrò níwájú rẹ̀.

"Jókòó," ni Tíṣà wí. Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn. "Orin kan náà ni màá fún gbogbo yín báyìí, mo sì ti gbọ́ ọ dáadáa kí n tó fún yín. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kálukú á sọ tiẹ̀."

"Títí kan èmi, sà?"

"Títí kan ìwọ."

Nígbà tí wọ́n jáde, kò sí ibi tí Mo-mọ̀-ọ́n yà sí táwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò ti fọwọ́ nu ojú láti fi í ṣẹ̀sín. "Omi bọ́ lójú èmi náà o!"

Ó délé, ó bá ìyá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, píìnì kún ẹnu. Ìyá Oníbúrẹ́dì, oníbàárà tí ẹnu rẹ̀ ń yá ju rédíò lọ, jókòó tì í.

"Akọrin wa ti dé!" ni oníbàárà náà wí. "Wọ aṣọ ẹ wò ká rí ọ."

Ó wọ̀ ọ́. Aṣọ náà bá a mu gẹ́ẹ́, ó sì ń jó o lára bí iná. Nígbà tí oníbàárà lọ tán, ó ní, "Mọ́mì, wọn ò tíì mú mi."

Ìyá yọ píìnì lẹ́nu, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. "Wọn ò tíì mú ẹ, àbí wọn ò ní mú ẹ?"

Ó tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Níbi ọ̀rọ̀ "Òtútù ń mú mi," ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

"Mo ti sọ fún Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ìyẹn ni pé àdúgbò mẹ́ta ti gbọ́. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n?" Ó gún píìnì kan mọ́ aṣọ. "Orin tuntun yẹn ńkọ́? Ṣé ó dùn?"

"Mi ò tíì gbọ́ ọ, mà."

"Háà! O ń lá ètè lórí oúnjẹ tó ò tíì tọ́ wò. Gba inú yàrá lọ, lọ gbọ́ ọ."

Ó di íápíìsì sétí. Kí orin tó lọ jìnnà, ọkàn rẹ̀ ti padà sílé ìwé, ó ti bá àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ jà, ó ti ṣẹ́gun wọn. Ìgbà tó máa padà wálé, orin ti tán. Ó tún gbé e sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, fáyólìn kan bi dùùrù ní nǹkan jẹ́ẹ́jẹ́, dùùrù fara balẹ̀ dá a lóhùn, bí àgbàlagbà méjì tó jọ ń rìn láìkánjú. "Ẹ̀n-ẹ́n!" ló wí. "Mo ti gbọ́ nǹkan!" Kó tó parí ọ̀rọ̀ yẹn, oorun ti gbé e lọ.

Bó ṣe ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn. Ó jókòó, ó sùn. Ó fara ti ògiri lórí ìnàró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ìyá bá a níbi tó ti gbórí lé tábìlì aṣọ, ó ní, "Áà, orin ti wọ̀ ọ́ lára!" Ìtìjú kejì yìí wá ju tàkọ́kọ́ lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, kò gbọ́ ọ rárá. Báyìí, ó gbọ́ ọ, kò sì rí nǹkan kan mú bọ̀ ju oorun lọ.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Kúkúrú fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Sọ pé ẹṣin ń sáré. Èmi ti mú òjò. Ta ló máa mọ̀?"

Ọkàn rẹ̀ fà sí i o, ẹ má jẹ́ n purọ́ fún yín. Ìjókòó gbọ̀ngán ń bẹ níbẹ̀, ojú ìyá rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀.

Kíláàsì bẹ̀rẹ̀. Kúkúrú gbọ́ òjò àti àrá. Ẹnì kan gbọ́ ẹṣin. Ẹlòmíì gbọ́ ogun, ìbọn ń dún gbàù-gbàù. Ó wá kan Mo-mọ̀-ọ́n.

"Sà," ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ, "fáyólìn ń béèrè nǹkan, dùùrù ń dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà... mo sùn."

"O ṣe kí ni?"

"Mo sùn, sà. Gbogbo ìgbà tí mo gbọ́ ọ ni mo sùn. Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀rín bú gbàmù! Wọ́n lu tábìlì, wọ́n fẹsẹ̀ janlẹ̀. Ó sorí kọ́, ojú tì í débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀ lóòótọ́ wàyí, ṣùgbọ́n kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mi, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan, tí kò mọ̀ ọ́n, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Dídíbọ́n pé a mọ̀ ọ́n lẹ̀ṣẹ̀. Òótọ́ tó mú wọn fi ọ́ rẹ́rìn-ín sàn ju irọ́ tó mú wọn pàtẹ́wọ́ fún ọ.

Tíṣà Dùùrù dúró títí ẹ̀rín fi tán, ó wo Kúkúrú, ó wo ẹlẹ́ṣin, ó wo ológun, ó ní, "Orin tí wọ́n kọ láti fi rẹ ọmọ jòjòló sùn ni mo fún gbogbo yín."