Fóònù Tí Kì Í Dúró Gbọ́ Èsì

"Éè fọ́ ápù! Bíì fọ́ bọ́ọ̀lù!"

Ohùn yìí ló máa ń gba gbogbo agboolé Bákàrè ní àdúgbò Aboabo láràárọ̀, kété tí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán. Fóònù oníke pupa kan ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, Hábíbù ló sì ni ín. Tó bá ti tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, fóònù á kọrin, á tan iná, á ka á-bí-dí bí olùkọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ dúró tì.

Hábíbù fúnra rẹ̀ kì í sọ nǹkan kan. Ó ku díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún méjì, kò tí ì pe "màmá", kò tí ì pe "bàbá". Tó bá fẹ́ omi, á fa aṣọ ìyá rẹ̀, á nàka sí ife.

Ẹ̀rù ń ba Moríyọ̀, ìyá rẹ̀. Ó ti gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ nídìí ẹ̀rọ omi pé, "Ṣé ọmọ yẹn ò ya odi báyìí?" Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Láwàl, ọ̀rẹ́ Hafiz ọkọ rẹ̀, ló sọ pé òun mọ ohun tó fà á.

"Èdè ti pọ̀ jù nílé yín," ó ní. "Ìyá rẹ ń sọ Yorùbá, Afia tẹ́ ẹ jọ ń gbélé ń sọ Twi, Haúsá ń bọ̀ láti ojúlé kejì. Orí ọmọ ò ní ṣàì dàrú! Ẹ mú òyìnbó nìkan, ẹ fi ìyókù sílẹ̀."

Hafiz gbà á gbọ́. Bàbá rere ni o, páàtì ọkọ̀ ló ń tà ní Súámè, kò sì sí ohun tí kò lè ṣe nítorí ọmọ rẹ̀. Ó lọ sí ọjà Kejetia, ó ra fóònù tó ń sọ òyìnbó yẹn. Ó wá pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ èdè mìíràn sí ọmọ náà mọ́.

Ẹni tí àṣẹ yìí dùn jù ni Hàjàrá, ìyá Hafiz. Kò gbọ́ òyìnbó ju "gúdù mọ́nìn" lọ. Ìyá tó máa ń bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀, tó máa ń bi adìẹ léèrè bóyá ó sùn dáadáa, wá di ẹni tó ń jókòó ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ láìlanu. Lọ́jọ́ kan tó gbàgbé, tó fi oríkì pe ọmọ náà pé, "Àjàní, ọkọ mi, wá níbí," Hafiz sáré yọjú láti inú yàrá.

"Màmá, ẹ jọ̀wọ́. Òyìnbó."

Ìyá fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Omi lé sí i lójú, ó sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ọmọ rẹ̀ má bàa rí i.

Nígbà tó di ọjọ́ tí wọ́n ń wọn ọmọ nílé ìwòsàn, Moríyọ̀ pọn Hábíbù, ìyá ọkọ rẹ̀ bá a gbé báàgì. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá lẹ́nu iṣẹ́ ń jẹ́ Sàfúrátù, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Tafo. Ó gbé Hábíbù sórí òṣùwọ̀n. Ìwọ̀n rẹ̀ dára, ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n fóònù ń pariwo lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lorúkọ ọ̀gá mi?" nọ́ọ̀sì bi í.

Hábíbù ò wojú rẹ̀. Bọ́tìnnì ló tẹ̀.

"Mepa wo kyɛw, nọ́ọ̀sì," Moríyọ̀ fi Twi bẹ̀ ẹ́. "Ọmọ mi ò sọ̀rọ̀. Ṣé odi ni?"

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ síwájú ọmọ náà. Ó rọra gba fóònù, ó pa á, ó bọ́ sẹ́yìn ọmọ náà, ó fi ṣíbí lu abọ́ díẹ̀. Hábíbù yíjú padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Ó jọ pé etí rẹ̀ ń gbọ́. Síbẹ̀, ẹ máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ etí wò, torí ìyẹn kọjá ohun tí ṣíbí àti abọ́ lè sọ fún wa. Ẹ jẹ́ n bi yín. Ta ló ń bá a ṣeré nílé?"

"Ó ní nǹkan ìṣeré o. Fóònù yẹn ni. Ó ń kọrin, ó ń ka á-bí-dí."

"Mi ò bi yín pé kí ni. Mo ní ta ni."

Moríyọ̀ wo ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ wo ilẹ̀. Moríyọ̀ wá ro gbogbo ẹjọ́ náà, látorí ìmọ̀ràn Láwàl títí dé orí àṣẹ Hafiz.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Yorùbá ni mo sọ dàgbà nílé, mo sọ Twi lójú títì, mo gbọ́ Haúsá nílé kéwú. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni."

"Ṣé àwa méjèèjì ya odi?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Moríyọ̀.

"Èdè púpọ̀ kì í di ọmọ lẹ́nu," nọ́ọ̀sì ní. "Fóònù yìí, tó bá sọ tirẹ̀ tán, ṣé ó ń dúró kí Hábíbù fèsì? Tí Hábíbù bá ní 'bu', ṣé ó lè sọ pé, 'Bọ́ọ̀lù lo fẹ́, àbí?' Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nǹkan yìí ò lójú."

Ó dojú fóònù dé. Ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń yẹ̀, bátìrì pẹlẹbẹ kan sì ń dán nínú rẹ̀ bí owó ẹyọ pẹ́sẹ́wà.

"Ẹ ò rí i? Tí ọmọ bá gbé irú èyí mì, ó lè jó o lọ́fun láàárín wákàtí díẹ̀. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má dúró wò ó, kí wọ́n má sì fipá mú un bì. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e sáré lọ."

Moríyọ̀ di àyà mú. "Kí la máa wá rà fún un báyìí?"

"Kí lẹ ní nílé?"

Ìyá Hafiz lanu fún ìgbà àkọ́kọ́. "Agolo mílíìkì wà. Ìdérí oníke rẹ̀ náà wà. Àwo kéékèèké wà."

"Ó tó, Màmá. Ẹ ṣáà rí i pé etí agolo ò mú. Ẹ fi nǹkan lé e lọ́wọ́, ẹ dárúkọ rẹ̀, kẹ́ ẹ wá dákẹ́ díẹ̀ dè é. Dídákẹ́ dè é yẹn ṣe pàtàkì o. Ẹ má bínú, ẹ̀yin gan-an ni nǹkan ìṣeré tí ọmọ yìí ń wá."

Ìyá Hafiz rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ròyìn fún Hafiz nírọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ náà ò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ létí. "Agolo? Kí wọ́n wá máa wo ọmọ mi bí ọmọ tí kò lẹ́nìkan?"

"Hafiz," ìyá rẹ̀ ní, "ta ló fi agolo sàdíìnì ṣe mọ́tò nínú àgbàlá yìí? Ta ló fi ìdérí ṣe táyà rẹ̀, tó ń fà á káàkiri, tó ń sọ pé, 'Ìyá, ẹ wọlé, níbo lẹ̀ ń lọ'?"

Hafiz ò mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín.

"Èdè wo lo fi sọ ọ́?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Yorùbá ni, Màmá."

Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. "Ẹ má bínú. Ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá ti ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́yìn ìrun àṣárì. Á fi ìdérí agolo lé Hábíbù lọ́wọ́, á ní, "Gbà." Á tún na ọwọ́, á ní, "Fún mi." Á wá dákẹ́, á máa wo ojú rẹ̀. Afia náà, bó ṣe ń di kẹ́ńkẹ́ àgbàdo nídìí iná rẹ̀, á na àwo sí i, á fi Twi sọ pé kó gbà: "Gye."

Kò yá o. Àwọn tó yẹ etí rẹ̀ wò ní etí dára, síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ ń lọ, ọ̀sẹ̀ ń bọ̀, Hábíbù ń kó ìdérí sínú agolo, ó ń dà á jáde, kò sọ nǹkan kan. Moríyọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rètí nù.

Ní ọ̀sán kan, Ìyá ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, kò sì wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan fọwọ́ kàn án lórúnkún.

"Gbà."

Ẹ̀wà dà nù. Hábíbù ló dúró níwájú rẹ̀, ó na ìdérí sí i. Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Moríyọ̀ bú sẹ́kún ayọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Hábíbù ò dá sí wọn. Ó mú ìdérí mìíràn, ó ta gẹ́gẹ́ dé ọ̀dọ̀ Afia.

"Gye."

"Ei! Medaase, me ba!" Afia pariwo, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà.

Ọmọ tí wọ́n ní orí rẹ̀ á dàrú! Ó mọ èdè tó jẹ́ ti ìyá àgbà rẹ̀, ó sì mọ èyí tó jẹ́ ti Afia.

Ẹ̀yin òbí, ariwo kọ́ la fi ń mọ nǹkan ìṣeré tó dára. Èyí tí ọmọ lè dì mú, tó lè tò, tó lè tú, tí ẹ̀yin àti òun lè jọ máa fún ara yín, òun ló ń la ọmọ lọ́yẹ, ì báà jẹ́ agolo, páálí, bọ́ọ̀lù aṣọ tàbí ìwé aláwòrán. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kó má ní ẹnu tó mú, kó má sì ní bátìrì tí ọwọ́ ọmọ lè tó. Ohun tó bá lè gba inú páálí róbótó tí wọ́n ń ká tíṣù mọ́ kọjá ti kéré jù fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Èdè tó dá yín lójú ni kẹ́ ẹ máa bá a sọ. Tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá pẹ́, ẹ má dúró de aládùúgbò kó fún yín nímọ̀ràn, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Tí ọmọ yín bá sì na nǹkan sí yín lálẹ́ òní, ẹ gbé fóònù tiyín náà sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbà á.