Túlíìpù Ẹ̀gbẹ́ Wiebe

Ẹ̀gbẹ́ tèmi hù, ẹ̀gbẹ́ ti ọkọ mi kò hù. Ọ̀nà tóóró kan ló pín ọgbà iwájú ilé wa ní Katwijk, ìlú etí òkun ní ilẹ̀ Netherlands, sí méjì. Inú àpò kan náà ni èmi àti Wiebe ọkọ mi ti mú àwọn irúgbìn òdòdó túlíìpù tó rí bí àlùbọ́sà, tí kálukú wa rì tirẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ kí òtútù tó dé. Ó ní, "Jantine, tí wọ́n bá ti tanná, mo ti délé nìyẹn." Ló bá bá ọkọ̀ apẹja lọ sójú òkun. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbúròó ọkọ̀ náà mọ́. Wọ́n ní kí n wọ aṣọ dúdú, mo kọ̀ jálẹ̀.

Lọ́dọọdún, Wiebe ló máa ń já èyí tó bá kọ́kọ́ tanná, á fi í sínú ife omi lórí tábìlì ìdáná kí n tó jí. Mo ti bu omi sínú ife náà dè é.

Tèmi pọ́n yòò. Tirẹ̀, erùpẹ̀ lásán.

"Eku ti jẹ ẹ́," ni Àǹtí Geesje tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa wí. "Àbí ọkọ rẹ dorí wọn kodò. Ọkùnrin yẹn, ẹnu nìkan ló ní!"

"Ẹ má bú u, Àǹtí."

"Ṣé mo bú u ni? Mú ṣọ́bìrì wá, jàre."

A walẹ̀. Òórùn etí òkun jáde látinú ihò náà. Àwọn túlíìpù náà wà níbẹ̀. Wọ́n ti hù, àmọ́ ìsàlẹ̀ ni wọ́n hù lọ. Ewé wọn tutù yọ̀yọ̀, òdòdó wọn ti là nínú ilẹ̀, gbogbo wọn dojú kọ ìsàlẹ̀.

Àǹtí Geesje rẹ ohùn sílẹ̀. "Èyí tí wọ́n bá dorí ẹ̀ kodò gan-an máa ń yí padà wá sókè ni. Mi ò rí irú eléyìí rí."

Ọ̀kan kò ní òdòdó. Igi rẹ̀ nìkan ló kù, omi ṣì ń sun lójú ibi tí wọ́n ti já a.

"Jantine, ta ló já a?"

Ṣé orí mi ló ń dàrú ni? Mo rọra da erùpẹ̀ bò wọ́n, mo wọlé.

Òdòdó pupa kan wà nínú ife orí tábìlì, erùpẹ̀ lára rẹ̀. Mo ti ìka bọ omi ife náà, mo tọ́ ọ wò. Omi iyọ̀ ni.

Mo jókòó, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Lẹ́yìn náà, mo lọ yọ aṣọ dúdú nínú àpótí.