Orúkọ Tí Ìyá Hilka Kò Fẹ́ Pè

Ọkùnrin kan kúnlẹ̀ lórí odi òkun, ó gbá àgùntàn mọ́ra, àgùntàn náà sì ń fi ẹsẹ̀ ta á nípàá láyà. Ohun tí Hilka kọ́kọ́ rí nìyẹn ní òwúrọ̀ kan tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ojú omi, tí koríko orí odi sì ń dọ̀bálẹ̀ gbọrọrọ. Aṣọ dúdú ni ọkùnrin náà wọ̀, irú èyí tí èèyàn ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Fìlà rẹ̀ ti já bọ́, ó ń yí lọ sínú pápá bí ẹni tó níṣẹ́ níbẹ̀.

Hilka sáré gun odi. Àgùntàn tiwọn ni. Irun ara rẹ̀ àti oyún inú rẹ̀ ló wúwo jù tó fi ṣubú sẹ́yìn, àgùntàn tó bá sì fi ẹ̀yìn lélẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹnikẹ́ni ò bá tètè yí i padà, kò ní dìde mọ́.

“Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ gbé e ni, àbí ẹ fẹ́ bá a jó?”

“Èmi fẹ́ gbé e.” Ọkùnrin náà ń mí hẹlẹ. “Òun ló fẹ́ jó.”

Hilka rẹ́rìn-ín. Ó di irun àgùntàn mú lápá kan, ọkùnrin náà dì í mú lápá kejì, wọ́n jọ tì í. Àgùntàn dìde, ó fẹsẹ̀ kọ díẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

“Kò tilẹ̀ dúpẹ́,” ọkùnrin náà ní.

“Ó ní kí n bá òun kí yín. Ilẹ̀ ibo lẹ ti wá?”

Ó ní ilẹ̀ olókè ni òun ti wá, pé wọ́n pe òun láti wá tún dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì Westerhörn ṣe. Hilka sọ orúkọ tirẹ̀ fún un. Òun náà nu ẹrẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó na ọwọ́.

“Markwart,” ó ní. “Markwart Brandes.”

Ẹ̀rín kúrò lójú Hilka.

“Kí ni mo ṣe?”

“Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìyẹn.” Ó yíjú sí òkun bó ṣe ń sọ ọ́, ọkùnrin náà sì rí ibi tó yíjú sí, kò béèrè mọ́.

Orúkọ náà ti pẹ́ láyé. Kí Bíbélì tó dé ilẹ̀ Jámánì ni àwọn baba ńlá wa ti ń fi sọ ọmọ. Ní èdè wọn àtijọ́, mark ni ààlà, wart sì ni olùṣọ́: ẹni tó ń ṣọ́ ààlà. Nígbà tí orúkọ inú Bíbélì bíi Johann àti Peter dé, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ní etíkun tiwa, ìdílé Hilka nìkan ló kù tó ń fi sọ ọmọ, nítorí baba baba rẹ̀ máa ń sọ pé ilé tó bá wà lẹ́yìn odi òkun kò gbọdọ̀ wà láìní olùṣọ́ ààlà. Markwart tiwọn bá ọkọ̀ àwọn tó ń pa edé lọ ní ìgbà ìjì, òkun kò sì dá a padà. Nígbà tó di Ọjọ́ Ìsinmi Àwọn Òkú lọ́dún náà, Pásítọ̀ ka orúkọ gbogbo àwọn tó kú, agogo sì ń dún lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí agogo ti dún tẹ̀ lé Markwart ni Foelke, ìyá Hilka, kò ti fẹ́ gbọ́ orúkọ náà mọ́, òun náà kò sì pè é. Àwọn aládùúgbò mọ̀. “Ọmọ yẹn” ni wọ́n máa ń sọ.

Ẹni tó ń tún dùùrù ṣe kì í dá a ṣe. Ó nílò ẹni tí yóò máa tẹ̀ ẹ́ níwájú, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú, láàárín àwọn fèrè tó ń mú un dún. Hilka ni Pásítọ̀ rán.

“Tẹ èyí tó tẹ̀ lé e!” Ohùn rẹ̀ ń ti inú àpótí dùùrù jáde.

“Mo ti tẹ̀ ẹ́.”

“Kò dún.”

“Bóyá ó ń sùn. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ dáadáa.”

“Mo mọ ẹni tó wù mí láti bá sọ̀rọ̀ dáadáa. Kì í ṣe fèrè.”

Hilka fi gbogbo ìka rẹ̀ tẹ dùùrù pa pọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì mì.

“Yéè! Etí mi!”

“Ìdáhùn mi nìyẹn,” Hilka ní. Ó dára tí àpótí wà láàárín wọn, nítorí ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ogbe àkùkọ.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é, fèrè kan lẹ́yìn òmíràn. Ó sọ fún un pé nílé ìwé, àwọn ọmọ máa ń sọ pé orúkọ òun ti hu irùngbọ̀n kí òun tó hu eyín. Hilka sọ fún un bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe máa ń súfèé kó tó wọlé. Hilka kò sọ “ẹ” fún un mọ́. Ṣùgbọ́n Hilka kò pè é lórúkọ. “Oníṣẹ́-dùùrù mi” ló ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ọjọ́ tó ní kí Hilka fẹ́ òun, eruku fèrè bo irun rẹ̀ pátápátá.

“O ti hu ewú kí n tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni fún ọ,” Hilka ní, ó sì gbọn eruku náà dànù. “Bẹ́ẹ̀ ni, àyànfẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Wá kí ìyá mi.”

Foelke gbé tíì kalẹ̀ fún un: ṣúgà òkúta nísàlẹ̀ ife, ọ̀rá wàrà lókè. Ó mu ún tán, Foelke rọ òmíràn. Ó mu ún tán, ó tún rọ òmíràn. Ọmọ ilẹ̀ olókè kò fẹ́ kí wọ́n rò pé òun kọ tíì, ó ń mu ún lọ, òógùn ń bọ́ níwájú orí rẹ̀. Hilka fẹsẹ̀ ta á lábẹ́ tábìlì, kò yé e.

“Ọmọkùnrin,” Foelke ní nígbẹ̀yìn, “fi ṣíbí sínú ife rẹ tó bá ti tó ọ! Tó ò bá fi í síbẹ̀, tó o bá dákẹ́ báyìí, màá máa rọ ọ́ títí di Kérésìmesì.”

“Mo rò pé ẹ ń dán mi wò ni, mà.”

Foelke bú sẹ́rìn-ín. Hilka kò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ọjọ́ pípẹ́.

“Oníṣẹ́ dùùrù ni Hilka sọ. Kí lorúkọ rẹ gan-an?”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo Hilka. Kò lè purọ́. “Markwart ni, mà.”

Foelke rọra gbé ìkòkò tíì sílẹ̀, ó dìde, ó jáde lọ bá àwọn adìẹ rẹ̀. Kò wọlé títí àlejò fi lọ.

“Ọmọ dáadáa ni,” ó sọ fún Hilka lẹ́yìn náà. “Mi ò rí nǹkan kan sọ sí i. Ṣùgbọ́n tó o bá fẹ́ ẹ, màá máa gbọ́ tí wọ́n ń pe ọmọ mi wá jẹun, ẹlòmíràn ni yóò sì máa wọlé.”

Nígbà tí Markwart gbọ́, ó ní kí wọ́n máa pe òun ní Wilhelm.

“Rárá o,” Hilka ní. “Mi ò fẹ́ ọkọ tó bọ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa bíi bàtà.”

Pásítọ̀ pẹ̀lú ní kò ṣeé ṣe. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni wọ́n máa ń kéde ìgbéyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ ìrìbọmi sì ni òun gbọ́dọ̀ kà.

“Ẹ kà á,” Foelke ní. “Mi ò ní sí níbẹ̀.”

Hilka sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ Markwart mú. “Tí ìyá mi ò bá jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì kí ìkéde kẹta tó kọjá, mi ò lè bá ọ dé iwájú pẹpẹ. Òun nìkan ló kù mí kù.”

Ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, àyè Foelke ṣófo. Ní èkejì, ó ṣófo. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn ń wo ara wọn.

Láàárín ọ̀sẹ̀, Markwart dá lọ bá Foelke. Ó bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó edé. Ó jókòó tì í, òun náà mú edé.

“Mo wá dágbére ni, mà. Mi ò fẹ́ kí Hilka máa yàn láàárín àwa méjèèjì.”

“Ṣé Hilka mọ̀?”

“Kò tíì mọ̀.”

Foelke kò gbójú sókè. “Ìyá tìrẹ ńkọ́? Kí ló sọ sí i?”

“Ó ti kú, mà. Mo ṣì kéré.”

“Ta ló wá ń pè ọ́ ní… ní orúkọ yẹn?”

Markwart rò ó. “Kò sẹ́ni. Brandes ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Hilka náà kì í pè é, nítorí tiyín. Ìyá mi ló pè é nínú ilé kẹ́yìn.”

Ọwọ́ Foelke dúró. Ó ti ń rò láti ọjọ́ yìí pé inú ilé tòun nìkan ni orúkọ náà ti dákẹ́. Ó wo ọwọ́ ọmọkùnrin náà tó ń fọ́ edé túútúú.

“O ń ba edé mi jẹ́,” ó ní. “Kì í ṣe fèrè. Di orí mú, kó o yí ìdí rẹ̀ díẹ̀, kó o wá fà á. Wò ó.”

Wọ́n jọ bó o títí àwo fi kún. Nígbà tí Markwart dìde, Foelke ní, “Má tíì lọ síbì kankan.”

Ní Ọjọ́ Ìsinmi kẹta, orin ìṣáájú ti parí kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Foelke wọlé nínú aṣọ dúdú rẹ̀, ó lọ jókòó sí àyè rẹ̀. Hilka kò lè yíjú wò ó. Pásítọ̀ ka orúkọ méjèèjì, ó sì béèrè, bó ti yẹ, bóyá ẹnikẹ́ni mọ ìdíwọ́ kan.

Foelke dìde.

“Kò sí ìdíwọ́,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ẹ bá mi tún orúkọ ọmọkùnrin náà pè, Pásítọ̀. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ níbí kẹ́yìn, agogo ló tẹ̀ lé e.”

Pásítọ̀ yọ awò ojú rẹ̀. “Markwart,” ó ní, ketekete.

Gbogbo wọn dúró. Agogo kò dún. Ikọ́ ọmọ ọwọ́ kan nìkan ló dún lẹ́yìn, lẹ́yìn náà Foelke mí kanlẹ̀, ó sì jókòó.

Lẹ́yìn ìsìn, oòrùn ti yọ. Hilka àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Foelke ti dé ẹnu géètì.

“Markwart!” ó ké. “Ṣé ibẹ̀ lẹ máa sùn ni? Oúnjẹ ń tutù!”

Ọkùnrin náà kò mira. Hilka gbá a ní ìgbúnwọ́.

“Ìwọ ni wọ́n ń pè.”

“Mo gbọ́ wọn,” ó ní jẹ́jẹ́. “Dúró ná. Jẹ́ kí wọ́n tún un pè.”